Ọ̀gá Mo-Ti-Sọ àti Òfin Kíkan Tábìlì

Bí a bá fẹ́ ka àwọn ènìyàn tí wọ́n fẹ́ràn ohùn ara wọn láyé yìí, ẹ jẹ́ kí a tètè kọ ti ọ̀gá àgbà kan sókè pátápátá, kí ó má baà bínú sí wa. Òun ni olórí Ilé Ìpè Pàjáwìrì, ilé tí àwọn ará ìlú máa ń tẹ̀ láago nígbà tí ènìyàn wọn bá ṣubú lójijì, tàbí tí ìrọbí bá mú aboyún lójú ọ̀nà. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú fáìlì, kò sì jáde kúrò níbẹ̀. Mo-Ti-Sọ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò sí gbólóhùn tí yóò sọ tí kò ní fi "mo ti sọ" dí i nídìí. Bí ó bá fẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé, a ní, "Ẹ ṣí fèrèsé. Mo ti sọ." Bí ó bá sín pàápàá, àwọn ènìyàn a dúró díẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá yóò fọwọ́ sí i.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ó ti pe káfíńtà kí ó wá fi ìka mẹ́rin kún ẹsẹ̀ àga òun, kí ó sì gé ìka méjì kúrò lára ẹsẹ̀ àga àlejò. Ẹni tó bá wá rí i á jókòó wọ́lẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ní kó wá jẹ́wọ́ ẹran tó jẹ nínú ìkòkò. Ẹsẹ̀ ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò kanlẹ̀ mọ́, ó ń fì dìrọ̀dìrọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì ọ̀gá?

Ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Yàrá gígùn kan ni, tábìlì mẹ́fà, fóònù mẹ́fà, àti máàpù ìlú tó gba odindi ògiri kan. Àǹtí Jẹ́jẹ́ ló ni tábìlì kìn-ín-ní, ọdún kẹtàdínlógún rẹ̀ níbẹ̀ nìyí. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó pè lè máa ké bí ẹni tí ayé ń parẹ́ lójú rẹ̀, Àǹtí á máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, títí onítọ̀hún á fi rántí orúkọ àdúgbò rẹ̀. Bàbá Máàpù ló wà nídìí ògiri tó ń darí àwọn ámbúláǹsì. Ó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ìlú, ó mọ ọ̀nà tí wọ́n ń tún ṣe, ó sì mọ ilé tí ajá ibẹ̀ kò gba àlejò. Ẹni tó jókòó ti Àǹtí ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyàwó, torí pé kò tíì ju oṣù mẹ́fà lọ tó ṣègbéyàwó, kò sì tíì pé oṣù mẹ́rin tó gba iṣẹ́.

Iṣẹ́ náà máa ń jẹ ọkàn, ẹ má jẹ́ kí a parọ́ fún ara wa. Ènìyàn lè gbọ́ igbe mẹ́wàá kí ọ̀sán tó pọ́n, kí ó má sì mọ bí mẹ́sàn-án nínú wọn ṣe parí. Nítorí náà ni àwọn ará ìsàlẹ̀ fi ní àṣà kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé. Bí ìpè kan bá wọ ènìyàn lára jù, yóò fi ìka kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì: kó, kó. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù yóò dìde, yóò gba íápíìsì tó fi ń gbọ́ ìpè lórí rẹ̀, yóò sì bá a jókòó sí àyè rẹ̀. Kò sí "kí ló dé?" Kò sí "ṣé kò sí o?" Ẹni tó kan tábìlì yóò lọ sí orí bẹ́ńṣì abẹ́ igi lẹ́yìn ilé, yóò mu ife omi kan, bí ẹkún bá wà nínú rẹ̀ yóò sun ún, ìṣẹ́jú márùn-ún, yóò sì padà. Bó bá di ọ̀la, òun náà á dìde fún ẹlòmíràn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àmọ́ àwọn wọ̀nyí kò ráyè àyà sísọ, iṣẹ́ ni wọ́n ń fi ṣe.

Ọjọ́ kan ni Mo-Ti-Sọ sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, èyí tí kì í ṣe ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún. Akọ̀wé rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, ó di ìwé mú, ó di ìgò omi ọ̀gá mú, ó di ẹ̀rín mú sẹ́nu. Bí wọ́n ṣe wọlé ni ẹnì kan kan tábìlì.

"Kí ni ìyẹn?" ni ọ̀gá wí.

"Tábìlì ni, sà," Bàbá Máàpù dáhùn.

"Ta ló fún tábìlì láṣẹ kó sọ̀rọ̀ níwájú mi?"

Akọ̀wé di ìhà mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Háà, ọ̀gá! Ẹ ò ní pa wá! Tí ẹ bá sọ̀rọ̀ báyìí, ṣe ni oòrùn ń yọ!" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn oòrùn yìí sápò. A óò tún pàdé rẹ̀.

Ọ̀gá ní kí gbogbo wọn dìde. Fóònù méjì ń dún, ó ní kí wọ́n máa dún.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ó bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin ọmọ ogun ìlera, ẹ̀yin ẹ̀ka lára igi tí èmi jẹ́ gbòǹgbò rẹ̀, ewé rẹ̀, àti èso rẹ̀! Mo ka ìwé kan nínú ọkọ̀ òfúrufú. Ìwé náà ní òṣìṣẹ́ tí inú rẹ̀ bá dùn ló ń ṣiṣẹ́ bí iṣẹ́. Mo rò ó, mo tún un rò, mo sì ti pinnu. Láti òní lọ, inú yín ń dùn. Mo ti sọ."

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀. Ojú ìwé kejì ló kà dé tí wọ́n fi gbé oúnjẹ wá.

Bí ayọ̀ ṣe wọ Ilé Ìpè Pàjáwìrì nìyẹn, ayọ̀ náà kò sì kan ìlẹ̀kùn. Wọ́n gbé ìwé ńlá kan sẹ́nu ọ̀nà, Ìwé Ìdùnnú, tí olúkúlùkù yóò máa fọwọ́ sí láàárọ̀ pé inú òun dùn. Ní ọjọ́ kejì, Ìyàwó kọ "díẹ̀" síbẹ̀. Wọ́n pè é lọ sókè kó lọ ṣàlàyé "díẹ̀" náà fún odindi wákàtí kan, ó sì padà wá láìní díẹ̀ náà pàápàá mọ́. Lẹ́yìn èyí ni káfíńtà tún dé, ó fi pákó gíga dí àárín tábìlì kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù lè dá tàn bí ìràwọ̀. Ọ̀gá sì dá oyè Akọni Oṣù sílẹ̀ fún ẹni tó bá dá iṣẹ́ ṣe jù, láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n máa ka èsì oṣù àkọ́kọ́, ta ni ó gbà á? Ẹ má wulẹ̀ fi orí ro ó. Ọ̀gá gba oyè náà lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì fi omijé bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún ẹlòmíràn ní oṣù tó ń bọ̀. Ní oṣù tó ń bọ̀, ó tún gbà á.

Èyí tó gadabú jù ni Ìṣẹ́jú Ẹ̀rín. Bó bá ti di agogo méjìlá ọ̀sán, ọ̀gá á pàtẹ́wọ́ láti orí àtẹ̀gùn, gbogbo ilé á sì máa rẹ́rìn-ín fún ìṣẹ́jú méjì gbáko. Ọ̀sán ọjọ́ kan, bí ẹ̀rín ṣe ń lọ lọ́wọ́, ọkùnrin kan pè. Aya rẹ̀ ń bímọ lọ́wọ́ lórí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí ọkọ̀ kò ti lọ síwájú kò lọ sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, orí ọmọ ti ń... Ẹ gbọ́ ná, ṣé èmi lẹ̀ ń fi ṣẹ̀sín ni?"

Àǹtí Jẹ́jẹ́ kó sábẹ́ tábìlì tòun ti fóònù. "Rárá o, bọ̀dá mi. Ẹ má bínú. Nǹkan kan ló bàjẹ́ níbí, a ò tíì mọ bá a ṣe máa pa á. Ẹ wá aṣọ tó mọ́, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ wọn."

Abẹ́ tábìlì ni wọ́n ti gbẹ̀bí ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ sì le ju ẹ̀rín gbogbo ilé lọ.

Ẹ̀rín nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ìpè kan wọlé sọ́dọ̀ Ìyàwó tí kò parí síbi tó dára. Ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ dákẹ́, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Kí Ìyàwó tó rántí ayé tí à ń gbé, ìka rẹ̀ ti kan tábìlì: kó, kó. Àǹtí Jẹ́jẹ́ dìde, ó yí pákó po, ó gba íápíìsì lórí rẹ̀, ó ní kó máa lọ sórí bẹ́ńṣì. Akọ̀wé rí wọn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí a rí i tó ń sáré níbi iṣẹ́ nìyẹn, òkè ni ó sì ń sá lọ.

Wọ́n pe Àǹtí sókè, ó jókòó lórí àga tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ fi ìjókòó yín sílẹ̀ lọ gba iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe," ni Mo-Ti-Sọ wí láti ọ̀run.

"Ó rẹ ọmọ yẹn ni, sà. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́."

"Kò lè rẹ̀ ẹ́. Ó fọwọ́ sí Ìwé Ìdùnnú láàárọ̀. Ṣé ẹ̀yin fẹ́ sọ pé ìwé mi purọ́?"

Àǹtí wo bàtà ọ̀gá tó ń fì lókè níwájú rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìwé ńlá kan ti wà lára ògiri, ó ní òǹtẹ̀ mẹ́ta:

"Ẹnikẹ́ni tó bá kan tábìlì yóò lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnikẹ́ni tó bá dìde gba iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe yóò lọ pátápátá. Òfin yìí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Mo ti sọ."

Akọ̀wé ló dá a lábàá pé kí wọ́n fi "kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀" sí i, nítorí ó dùn létí.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà. Olúkúlùkù jókòó sẹ́yìn pákó rẹ̀, ó ń dá gbé tirẹ̀. Àǹtí Jẹ́jẹ́ tó ń rẹ gbogbo ìlú lẹ́kún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ fóònù nínú ohun tí kì í ṣe fóònù. Bí omi bá hó nínú kẹ́tùlù, ó dìde. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó bu iyọ̀ sí tíì, ó mu ún tán, kò mọ̀. Ọkọ rẹ̀ tó ń tún aago ṣe jókòó sí òdìkejì tábìlì, ó ń wò ó.

"Ìyá àwọn ọmọ, fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́."

"Tí mo bá lọ, ta ló máa gba íápíìsì lórí Ìyàwó?"

"Tìrẹ ńkọ́? Ta ló ń gbà á lórí ìwọ?"

Àǹtí gbé ife kúrò, ó lọ fọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ̀rù ń bà á pé lọ́jọ́ kan ẹnì kan á ké sí òun, òun á ya ẹnu, ohùn ò sì ní jáde. Ó kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀, ó fi sínú àpamọ́wọ́, ó sì gbé e lọ gbé e bọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ọjọ́ kẹwàá ni Alábẹ̀wò Àgbà dé láti olú ilé iṣẹ́. Ìròyìn Ìwé Ìdùnnú ti dé etí wọn lọ́hùn-ún, wọ́n sì fẹ́ mọ irú ilé tí inú gbogbo ènìyàn ti ń dùn lójoojúmọ́. Obìnrin kúkurú kan ni, onígíláàsì, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo-Ti-Sọ fi ogójì ìṣẹ́jú kí i káàbọ̀. Ó fi ara rẹ̀ wé òpó, ó fi ara rẹ̀ wé àtùpà, nígbà tó sì di ìdajì ó ti ń fi àtùpà wé ara rẹ̀.

"Ní báyìí," ó ní, "èmi fúnra mi yóò gba ìpè kan, kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ bí akọni ṣe ń ṣe é!"

Ọkùnrin mẹ́rin ti gbé àga gíga náà sọ̀kalẹ̀ sí ìdí tábìlì kan láàárín yàrá. Wọ́n ti so fóònù mọ́ sípíkà ńlá, wọ́n sì ti fi íápíìsì sí ọ̀gá lórí. Akọ̀wé sì ti bá àna rẹ̀ ọkùnrin sọ ọ́ pé ní agogo mọ́kànlá géérégé, kó pè, kó ní ẹsẹ̀ òun rọ́, kó dúpẹ́, kó sì pa fóònù. Iṣẹ́ tó rọrùn ni. Àmọ́ agogo mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú méjì ni fóònù dún.

"Ẹ káàbọ̀ sí Ilé Ìpè Pàjáwìrì," ọ̀gá kọ ọ́ bí orin, "níbi tí inú wa ti ń dùn kí tiyín tó bàjẹ́! Ọ̀gá àgbà gan-an lẹ bá pàdé yìí, orí yín mà gbè yín o!"

Ohùn obìnrin bú jáde nínú sípíkà. "Ẹ gbà mí! Ọkọ mi ṣubú ní balùwẹ̀! Kò mí mọ́!"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fọwọ́ bo ibi tí ó rò pé ẹnu fóònù wà, ó sì yíjú sí akọ̀wé. "Obìnrin lẹ padà lò? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó mọ ẹkún sun ju àna yín lọ." Ọwọ́ rẹ̀ kò bo nǹkan kan: ọ̀rọ̀ náà dé etí obìnrin náà, etí Alábẹ̀wò, àti etí gbogbo ilé.

"Sà," akọ̀wé ní, ojú rẹ̀ ti funfun bí eérú, "kì í ṣe tiwa."

"Ìyá, ṣé ẹsẹ̀ wọn ló rọ́ ni?"

"Ẹsẹ̀ wo? Mo ní kò mí! Kí ni kí n ṣe? Ẹ̀yin ènìyàn yìí, kí ni kí n ṣe?"

Ìgbà náà ló tó yé e. Mo-Ti-Sọ la ẹnu. "Mo..." ó ní. Gbogbo yàrá ń retí ìyókù. "Mo..." Ìyókù kò wá. Òógùn bo ojú rẹ̀, omi ti ẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ó wo sípíkà, ó wo máàpù, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ náà, èmi ò mọ ẹni tó kọ́ ọ, gbéra sókè, ó sì kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì.

Kó, kó.

Àǹtí Jẹ́jẹ́ ló sún mọ́ ọn jù. Ìwé òfin náà wà lára ògiri níwájú rẹ̀ gan-an, ìlà kejì rẹ̀ dúdú ketekete: ẹni tó bá dìde, á lọ pátápátá. Lẹ́tà wà nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ṣùgbọ́n ìgbà yìí ló mọ̀ pé òun kò fẹ́ lọ. Ó dìde.

Ó gba íápíìsì lórí ọ̀gá. Ọ̀gá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ fún un, ó gbàgbé bí àga náà ṣe ga tó, ó sì fi ìdí kan ilẹ̀ gbì. Kò sí ẹni tó ráyè wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi rèé," Àǹtí ní. "Mi ò lọ síbì kankan. Àdúgbò wo la wà?"

Ohùn náà jáde. Obìnrin yẹn sọ àdúgbò rẹ̀. Bàbá Máàpù ti ń pariwo sí awakọ̀ pé, "Má gba orí afárá, wọ́n ti dí i! Gba ẹ̀yìn ilé ìwé!" Ìyàwó fi èjìká ti pákó àárín wọn wó lulẹ̀, ó dúró síwájú Àǹtí, ó ń fi ọwọ́ lu afẹ́fẹ́ kí kíkà má baà yára jù.

"Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà wọn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ ká jọ kà á. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin..."

Gbogbo yàrá ń kà á pẹ̀lú wọn. Alábẹ̀wò pàápàá ń kà á. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni wọ́n fi kà á, kí ohùn awakọ̀ tó wọlé.

"Ó ti mí o! Ó la ojú, ó ní ta ló ní ká wọ bàtà wọ balùwẹ̀ òun."

Ariwo ẹ̀rín sọ nínú yàrá. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ kí wọ́n tó rín in.

Nígbà tí ilé rọ̀, Alábẹ̀wò lọ dúró níwájú ìwé ara ògiri. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ta ló kan tábìlì nígbà ìpè yẹn?"

Àwọn òṣìṣẹ́ gbójú sókè, wọ́n ń wo àjà. Kò sí ẹni tó fẹ́ fi ènìyàn hàn nítorí tábìlì. Akọ̀wé nìkan ló bọ́ síwájú.

"Ọ̀gá ni, mà! Ojú mi méjèèjì ló ṣe. Háà, mà, bí ẹ ṣe bi ìbéèrè yẹn! Tí ẹ bá sọ̀rọ̀ báyìí, ṣe ni oòrùn ń yọ!"

Alábẹ̀wò wo fèrèsé, ó rí i pé òjò ti ṣú. "Òfin dáa," ó ní. "Kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì, sà."

"Ṣùgbọ́n, mà, èmi ni mo..."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ti sọ."

Ó yọ báírò, ó fa ìlà gba orí ìlà kejì, ó ní orí ọ̀gá ni ti kìn-ín-ní parí sí, ó sì bi Bàbá Máàpù bóyá káfíńtà wọn ṣì wà nítòsí tó lè wá kó pákó rẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì Mo-Ti-Sọ, bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ti wọ ọdún kẹta. Wọ́n ní ó ń kọ ìwé lórí ìdùnnú, ó ti dé ojú ìwé kejì.

Ṣùgbọ́n kí ó tó kúrò lọ́jọ́ náà, nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àǹtí Jẹ́jẹ́ padà sí tábìlì rẹ̀. Ó fi ìka kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta. Bàbá Máàpù bọ́ sí àyè rẹ̀ kó tó yíjú. Àǹtí bu ife omi, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ, ó sì bá Mo-Ti-Sọ lórí bẹ́ńṣì, táì rẹ̀ ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀.

Àǹtí fẹ́ yí padà. Ó rò ó, ó sì jókòó. Ó mu ìdajì omi náà, ó na ìyókù sí i.

"Ohùn obìnrin yẹn ṣì wà létí mi," ọkùnrin náà ní. Kò fi ohunkóhun dí i nídìí.

"Á wà níbẹ̀ díẹ̀, sà. Ẹ mu omi."

"Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí lójoojúmọ́?"

"Rárá o. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun máa ń fúyẹ́ díẹ̀."

Ó mu omi náà tán. Omijé ń bọ́ lójú Àǹtí, kò nù ún, ó ń tù ú lára. Nígbà tó yá, Mo-Ti-Sọ wo aago, ó gbéra. "Ìṣẹ́jú márùn-ún ti pé. Ẹ jẹ́ ká wọlé."

"Èmi ni mo ní ìṣẹ́jú márùn-ún, sà," Àǹtí Jẹ́jẹ́ ní, pẹ̀lú ohùn tó fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Ọ̀sẹ̀ méjì ni tiyín."

Ó yọ lẹ́tà inú àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi tẹ́ abẹ́ ife tó tutù. Nínú ilé, ẹnì kan kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, Àǹtí sì dìde.